Omi Ibi Tí Ìyé Ti Ń Rẹ Ẹ̀gẹ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka èyí, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò burú. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, ojú mi là kalẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè là á yé mi.

Abúlé wa kò jìnnà sí Àyèká. Àwọn òpó iná ṣì wà ní ìdúró, ṣùgbọ́n iná ti lọ tipẹ́. Ayọ̀tọ̀míwá ọmọ mi kò tíì rí kí gílóòbù tàn rí, àfi ti jẹnẹrétọ̀. Wẹ́dà ni Lérè ọkọ mi. Èyí tó bá rí lóòjọ́, epo ló ń gbé e lọ.

Ẹ̀yìn ilé wa ni odò wà. Ibẹ̀ la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú, oúnjẹ wa tí a máa ń fi èéfín yan. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ojú omi tirẹ̀, á ri ọ̀pá síbẹ̀, ẹlòmíràn kò ní débẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Ìyé là ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Háà, omi yẹn tutù! Màá dúró létí odò, Ìyé á ti wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn, síbẹ̀ á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó, wọlé jàre. Omi kì í géèyàn jẹ."

Tí a bá délé, á dáná sábẹ́ púpurú lórí àjà, èéfín á gba gbogbo ilé. Á ha ara dúdú rẹ̀ kúrò nígbà tó ṣì gbóná, á bu funfun inú rẹ̀ fún mi. Ó ti kú báyìí. Nígbà míì tí èéfín bá bo ojú mi, màá rò pé ó wà lẹ́yìn mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn àlejò kan wá ṣèpàdé pẹ̀lú wa. Wọ́n fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ iná núkílíà sétí odò. Ẹ̀rọ tó ń mú iná náà wá máa ń gbóná gan-an, odò ni wọ́n á máa fi mú un tutù. Ilẹ̀ Ìyé ni wọ́n fẹ́. Lérè ló sì máa fọwọ́ sí i fún ẹbí, ní Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Iná tí kò ní máa lọ, tọ̀sán-tòru!

Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, eérú rẹ̀ ńkọ́? Níbo lẹ máa dà á sí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Aya Lérè, kì í ṣe púpurú ni wọ́n fẹ́ yan o!"

Ọ̀gá àwọn àlejò náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè gidi ni. Ó ní ohun tó máa ń kù nílẹ̀ léwu, ewu rẹ̀ sì máa pẹ́ ju ayé àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á dì í sínú irin, wọ́n á fi kọnkéré bò ó. Ó ní wọ́n ń ṣe é níbòmíràn, ara wọn le.

"Tó bá wá bàjẹ́ ńkọ́, sà?"

"Mádàámù, kò wọ́pọ̀."

Nígbà tí a délé, mo bẹ Lérè pé ká fi ilẹ̀ náà gbé sólà, kí gbogbo abúlé jọ máa lò ó.

"Sólà tí Adébóyè aládùúgbò wa rà ńkọ́?" ó ní. "Òjò ọjọ́ méjì péré, ó dákú. Ṣé òun ni màá fi jó irin?"

Òótọ́ ló sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ kó ẹ̀gẹ́ mi. Yanrìn ti dí ojú omi tèmi, nítorí náà ti Ìyé ni mo rẹ ẹ́ sí. Ọyẹ́ ń fẹ́. Bí mo ṣe sún mọ́ odò, ibẹ̀ dákẹ́. Ẹyẹ kò ké. Ọ̀pọ̀lọ́ kò ké. Omi gan-an kò dún. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó gbóná.

Kì í ṣe ooru oòrùn. Ó gbóná bí omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti fi wẹ ìkókó. Mo fa àpò ẹ̀gẹ́ náà jáde. Ẹ̀gẹ́ tó ti pẹ́ lómi gbọ́dọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ rùn. Èyí kò rùn. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ti jinná.

Vivian, ará etíkun tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ń fọ abọ́ nísàlẹ̀ odò. Mo pè é. Ó ki apá bọ omi.

"Yéè! Ó mà tutù o. Ta ló se ẹ̀gẹ́ yìí?"

"Omi ni."

Ó wò mí títí. "Ìyá Ayọ̀, o ò sùn dáadáa mọ́. Ilé lo ti sè é, o gbàgbé ni."

"Mo sè é tán, mo wá gbé e sínú odò?"

Ó kó abọ́ rẹ̀ lọ. Kò tíì fọ̀ wọ́n tán.

Nígbà tí Lérè dé, mo mú un lọ síbẹ̀. Mo pọn Ayọ̀ sẹ́yìn. Àwa méjèèjì ki ọwọ́ bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ tèmi ń ta mí. Tirẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ó tutù, Ìyá Ayọ̀. Bó ṣe máa ń tutù nígbà ayé Ìyé náà ni."

"Bàbá Ayọ̀, ó gbóná."

Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ Ayọ̀ kan omi. Ó fà á sókè, ó figbe ta. Lérè já a gbà lẹ́yìn mi. Ó di ẹsẹ̀ kékeré náà mú, ó wò ó.

"Òtútù ló mú un," ó ní.

Ṣùgbọ́n ó gbé ẹsẹ̀ náà sẹ́nu, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, fùú, fùú.

Mi ò lọ sípàdé Sátidé. Philemon, àbúrò Lérè, ló wá ròyìn fún mi. Ó ní Lérè kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Wọ́n bi í pé kí nìdí. Ó ní, "Omi náà tutù." Wọ́n dúró kó sọ ìyókù. Ó jókòó.

Àwọn ọ̀dọ́ kan kì í kí i mọ́. Àwọn àlejò náà ní àwọn á padà wá. Iná kò tíì dé, a ṣì ń ra epo. Àwọn obìnrin ṣì ń rẹ ẹ̀gẹ́ lódò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kí Lérè tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ó máa ń gba etí odò. Láti ojú fèrèsé ni mo ti máa ń rí i tó bẹ̀rẹ̀ síbi omi Ìyé. Tó bá padà, omi á ṣì máa kán lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò bi í rí bóyá ó tutù tàbí ó gbóná.