Ìyá Tó Ń Rán Bọ́tìnnì

Ọmọbìnrin tí ọkùnrin alágbàfọ̀ kan bí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú ni wọ́n bá a lórí òkìtì aṣọ nínú yàrá iṣẹ́, ètè rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Ta ni kì í jẹ́ kí fèrèsé yàrá iṣẹ́ wà ní títì? Ìyá tó bí alágbàfọ̀ ni, tó ń bá a rán bọ́tìnnì aṣọ oníbàárà. Òrùlé ta ni ẹyẹ ń bà lé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ké bí ẹni ń ṣèpàdé? Wọn kò tilẹ̀ parí òwe náà: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí..."

Wòlíì ìjọ wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Wòlíì Sítáàṣì nítorí pé sítáàṣì kì í jẹ́ kí aṣọ funfun rẹ̀ rún, ló fi Bíbélì fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ wòlíì ìgbàanì kan nípa àwọn obìnrin tí ń ránṣọ láti fi dọdẹ ọkàn èèyàn. Ó gbójú sókè.

"Arákùnrin, ta ló ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ nílé yín?"

Gbogbo ìjọ yíjú sí alágbàfọ̀. Ìtìjú bò ó. Ó ní, "Ìyá mi ni."

Ìyá náà, tó jókòó láàrin ìjọ, rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Ọmọ mi, bọ́tìnnì ṣòkòtò wo ló ń pa èèyàn?"

Nígbà tí wọ́n délé, alágbàfọ̀ kó ẹrù ìyá rẹ̀ síta. Ó lé e jáde, ìyá sì lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lódì kejì odò. Wòlíì ní kí wọ́n fi pákó kan fèrèsé pa, kí ẹyẹ má bàa rọ́nà wọlé. Ó tún kó aṣọ ìsọjí rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n bá òun lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹyẹ kò lọ. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di orí mú pé ó ń fọ́ òun. Tó bá ti bá bàbá rẹ̀ jókòó ti ìkòkò èédú tó ti ń bu iná sínú áyọ́ọ̀nù nínú yàrá iṣẹ́, á máa bì.

"Àjẹ́ ti lọ, kí ló tún ń ṣe é?" ìyàwó alágbàfọ̀ bi ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀nà jíjìn ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Háà! Ìyá arúgbó tí kì í rìn dé ọjà láìsinmi, òun ló ń fò kọjá odò?"

"Ṣé ìwọ ni wòlíì ni?"

"Wòlíì yín dà? Mo ránṣẹ́ sí i pé ọmọ ń kú lọ. Ó ní ṣé aṣọ òun ti gbẹ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ dákú nínú yàrá iṣẹ́. Ìyàwó sáré pe olùṣọ́-àgùntàn àgbà ìjọ wọn tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá náà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò kọ́kọ́ gbàdúrà. Ó gbé ọmọ síta, ó padà, ó sì fa pákó fèrèsé ya.

"Ta ló ní kí ẹ ti ara yín mọ́ èédú? Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pa èèyàn! Ẹyẹ yẹn, iná yín ni wọ́n ń yá lórí páànù."

Níta, ọmọ lajú, ó béèrè omi.

"Ìyá mi ló máa ń ṣí fèrèsé," alágbàfọ̀ wí. "Ọjọ́ òjò tí ọmọbìnrin mi kú yẹn nìkan ni mo ní kí wọ́n má ṣí i."

Olùṣọ́-àgùntàn àgbà yíjú sí i. Ó ní, "Níbo ni wòlíì yín ti bẹ̀rẹ̀ orí Bíbélì tó kà fún yín yẹn?"

"Àárín ni, sà."

"Tó bá ti òkè kà á, ì bá bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Àwọn wòlíì tí kò rí nǹkan kan, tí wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run wí, àwọn ni ègbé kọ́kọ́ bá. Àwọn obìnrin náà, àsọtẹ́lẹ̀ èké ni wọ́n ń tà. Ọlọ́run sì ní òun yóò gba àwọn èèyàn òun lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí Jésù fi wá, tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún àgùntàn." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà gbọ́ pé wọ́n lé ìyá rẹ. Mo jókòó sílé."

Lọ́jọ́ kejì alágbàfọ̀ kọjá odò. Kó tó dọ̀bálẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ ti ní, "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti jẹun, mà. Ẹ foríjì mí."

"Mo ti gbọ́. Gbé ẹrù mi ká máa lọ."

"Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, mà. Oòrùn ń mú."

Ìyá wò ó. "Oòrùn ni, àbí àdúgbò?"

Alágbàfọ̀ gbé ẹrù náà rù. Nígbà tí wọ́n wọ àdúgbò, àwọn obìnrin dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ojú gbogbo wọn sì wà lára alágbàfọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ẹrù. Kò rí èyí tí yóò fi bo ojú.