Fọ́ọ̀mù Mọ́kàndínlógún Láti Òpópó Apẹja

Báàgì dúdú tí wọ́n kó fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ìlú Skelovac sí pòórá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárín aago méjìlá sí aago kan, nínú yàrá àwọn olùkọ́.

Etelka Bordaš, olùkọ́ tí ìjọba gbà láti ka àwọn ará ìlú, ló lọ sílé lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, àga lásán ló bá.

Sájẹ́ǹtì Radojka Pejin nìkan ni ọlọ́pàá ìlú náà. Ó yẹ ilẹ̀kùn wò, kò sí ibi tí wọ́n ti já a. Ilé ìwé wà ní ìsinmi nítorí odò Tisa tó ń kún. Màmá Rozalija, tó ń tọ́jú ọgbà, ló jókòó sẹ́nu géètì látàárọ̀.

"Màmá, ta ló wọlé?"

"Kò sẹ́ni tó wọlé."

"Ẹ ò sùn lọ?"

"Ṣé oorun lo rí lójú mi yìí? Mo ní kò sẹ́ni kankan."

Radojka kọ ọ́ sílẹ̀. Pátákó tí wọ́n ń kọ gíga omi sí wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bó ṣe wà láti ìgbà tí odò ti gbé ìdajì ìlú lọ láyé àwọn bàbá àgbà wọn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ pé: Ìṣẹ́gun, aago méjìlá, 782.

Ọ̀rọ̀ báàgì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló ń gbé Skelovac nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ṣì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Báyìí, díẹ̀ ló fi lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn Serb ń kú, àwọn Hungari ń kó lọ, ọ̀dọ́ kò dúró. Bí iye wọn kò bá ju ẹgbẹ̀rún kan lọ mọ́, wọ́n á ti ilé ìwòsàn, wọ́n á ti ilé ìwé. Ọjọ́bọ̀ sì ni olùyẹ̀wò ń bọ̀ láti Novi Sad, tí yóò máa wọ ilé kiri, tí yóò máa ka ohun tí Etelka kọ sétí àwọn onílé.

Ọ̀dọ̀ alága ìlú, Vukašin Doroslovac, ni Radojka kọ́kọ́ lọ.

"Alága, wọ́n ní ẹ sọ fún Etelka pé kó ka àwọn tó ti kó lọ sí Vienna mọ́ wa."

"Mo sọ ọ́. Kò gbà. Obìnrin yẹn gan ju egungun ẹja lọ."

"Báàgì náà wá sọnù."

"Ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́fà ló kà, Sájẹ́ǹtì. Iye yẹn tó mi. Bí wọ́n bá tún wa kà lóṣù tó ń bọ̀, arúgbó mẹ́fà nínú wa lè má sí mọ́. Èmi gan-an ni mo ń wá báàgì yẹn jù."

Radojka wo ìwé kékeré tí Etelka ń kọ àpapọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan sí. Òótọ́ ni, ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́fà.

Ó ku Žarko Nenin, atukọ̀ tó ń kó èrò sọdá. Ó ti lérí nílé ọtí pé òun á da gbogbo ìwé ìjọba sódò.

"Ẹnu mi ló sọ ọ́," ni Žarko wí. "Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀. Lónìí ní aago méjìlá, èmi àti ọkùnrin mẹ́fà la jọ ń fa okùn ọkọ̀ mi kí odò má baà gbé e lọ. Àlùfáà náà wà níbẹ̀, ó ń gbàdúrà, kò fa nǹkan kan."

Àlùfáà jẹ́rìí sí i, ojú tì í díẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, obìnrin kan tó ń da ewúrẹ́ rí báàgì náà. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀ka igi kan lára òkìtì tó ń dá odò dúró. Omi ti kún sí i ní òru. Ó ti bo ìdí igi náà, ó gòkè, ó sì dúró ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sábẹ́ báàgì. Ìwé inú rẹ̀ kò tutù rárá. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlógún kò sí níbẹ̀, gbogbo ilé tó wà ní Òpópó Apẹja. Ipa ìka funfun sì wà lára okùn báàgì.

"Ṣọ́ọ̀kì rèé, Etelka," ni Radojka wí. "Olùkọ́ sì ni ọ́."

Etelka na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mi ò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Bó o bá rò pé èmi ni mo jí ara mi lólè, gbé ìwé kékeré mi yìí, kó o lọ ka òpópó náà fúnra rẹ."

Radojka gbà á, ó lọ. Ilé méjìdínlógún ló dáhùn gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí. Ilé tó kẹ́yìn ni ti Isidor Vlaškalin. Persida ìyàwó rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran ka ìwé mọ́, ló ń po ìyẹ̀fun.

"Màmá Persida, ẹni mélòó lẹ jẹ́ nílé yìí?"

"Èmi àti Isidor. Àti Mladen, ọmọ wa tó wà ní Stuttgart. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ o."

Radojka wo ìwé. Vlaškalin: méjì. Tó wà lókè òkun: kò sí.

"Ṣé Etelka bá yín nílé?"

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Isidor ló dá a lóhùn."

"Bàbá dà?"

"Níbo ni ì bá wà? Aago méjìlá ti fẹ́ lù. Ó ti lọ kọ gíga omi rẹ̀."

Radojka kò jókòó mọ́. Ó yára padà sí ẹnu géètì ilé ìwé.

"Màmá Rozalija, ṣé Bàbá Isidor wá síbí lánàá?"

"Ó kúkú wá. Ojoojúmọ́ ló ń wá."

"Ẹ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó wọlé."

"Mo ṣebí àlejò lò ń bi mí léèrè. Isidor kì í ṣe àlejò."

Bàbá náà wà nídìí pátákó, ó ń kọ 809. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wọn odò fún ìjọba. Ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì dáwọ́ dúró.

"Bàbá, níbo lẹ ti ń mú ṣọ́ọ̀kì?"

"Nínú yàrá àwọn olùkọ́."

"Ẹni tó so báàgì yẹn mọ́ igi mọ ibi tí omi máa dé kó tó dé ibẹ̀. Ẹni méjì péré ló mọ odò yìí tó bẹ́ẹ̀. Žarko wà nídìí okùn rẹ̀."

Isidor rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Èmi ni. Mo wọlé mú ṣọ́ọ̀kì, mo rí báàgì, mo fi ẹ̀wù òjò bò ó. Rozalija kí mi, mo kí i."

"Kí ló fà á?"

"Mladen já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́. Ọdún mẹ́ta rèé. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Èmi ni mo gba tẹligíráàmù. Mi ò lè sọ fún Persida. Mo ń kọ lẹ́tà, mo ń kà á sí i létí pé ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Òun náà ń sọ èsì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò kúkú parọ́ fún Etelka náà?"

"Mi ò kọ nọ́ńbà irọ́ sínú ìwé ìjọba rí. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ló wà láàyè, ẹnu mi sì ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní olùyẹ̀wò á wá kà á sétí Persida. Bí mo bá mú ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ò bá mọ ilé tó jẹ́. Ni mo ṣe mú gbogbo òpópó."

"Ẹ wá so ìyókù mọ́ igi."

"Kò yẹ kí odò gbé iṣẹ́ Etelka lọ."

Radojka pa ìwé kékeré náà dé.

"Ẹ ó dá fọ́ọ̀mù náà padà lónìí, Bàbá. Ìyà rẹ̀, adájọ́ ló máa sọ. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kí Màmá Persida gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò."

Ní Ọjọ́bọ̀, olùyẹ̀wò jókòó sídìí tábìlì Persida, Etelka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Radojka lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹ̀fun àná ṣì wà nínú àwo; láti ìgbà tí Isidor ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ẹnikẹ́ni kò fi ṣe búrẹ́dì.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọ̀kan."

"Mélòó ló wà láàyè?"

Isidor lanu. Persida gbé ọwọ́ lé e lápá.

"Èmi ni wọ́n bi." Ó mí kanlẹ̀. "Kò sí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Olùyẹ̀wò kọ ọ́. Persida yí ojú tí kò ríran dáadáa náà sí ọkọ rẹ̀.

"Gbogbo èsì tí mo sọ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ibo lo kó wọn sí?"

"Wọ́n wà nínú àpótí. Mi ò sọ ìkankan nù."

"Lọ kó wọn wá," ni Persida wí. "Kà wọ́n sí mi létí. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí mo kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn tó kú."