Ọmọ Ogun Méjìlá Fọláwùmí

Bàbá Ọláníyọnu mú ọmọ ogun àkọ́kọ́ jáde nínú àpótí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta.

"Wọ́n ti jí Fọláwùmí gbé," ó ní.

Inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àgbòwà ni wọ́n wà. Ọdún méjì ni Fọláwùmí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ohun tí Bàbá ń sọ ni àwọn ọmọ ogun méjìlá tó wà nínú àpótí náà, irin kékeré tí kò ga ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Fọláwùmí ló fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun ojú wọn, ẹ̀wù wọn àti bọ́tìnnì wọn, ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́ ló wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n máa ń to irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á sì tún ogun àtijọ́ jà. Ti Sátidé yẹn, ogun 1865 ni, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú.

Nathaniel, alága ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ẹ̀pẹ́, rọra ní kí Bàbá fara balẹ̀, ó ní kàtárá tó bo ojú Bàbá ló ń dà wọ́n láàmú.

"Ojú mi ló kú," Bàbá dá a lóhùn. "Ọwọ́ mi ò kú. Àwọn wọ̀nyí wúwo jù."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí?" Nathaniel bi í.

Gbogbo ojú yí sí Ṣìmí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Tíṣà kékeré ni Ṣìmí, ó wá láti Ìkirè, ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé Bàbá ní Ìkòròdú. Fọláwùmí ló kọ́ ọ ní ọ̀dà kíkùn. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń dán an wò láti ọdún tó kọjá ti ní oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn máa fún un ní ìwé iṣẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ bá dé tèṣán ọlọ́pàá, iṣẹ́ náà bọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá gbá tábìlì.

"Má bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá di Mọ́ńdè, wàá lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá."

Agnes Adéyọ̀sí jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ìnspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni Agnes kó tó fẹ̀yìn tì, ó kàn wá wòran lọ́jọ́ náà ni. Ó ti fìgbà kan rí ọmọ ọ̀dọ̀ tí tèṣán rẹ̀ tì mọ́lé fún oṣù mọ́kànlá nítorí òrùka tí màdáámù padà rí nínú báàgì ara rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó bẹ ọmọ náà. Agnes kò tíì dárí ji ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó dìde. Ó ní kí Bàbá fún òun láàyè di ọjọ́ Sọ́ńdè.

Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe ìfiwéra. Òfin ẹgbẹ́ náà ni: ọmọ ogun méjì ò gbọdọ̀ dúró nínú ikọ̀ kan náà àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n á fi rúlà wọ̀n wọ́n, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹyinjú. Wọn kì í ka fìlà mọ́ ọn, nítorí fìlà kan lè ga ju èkejì. Ọmọ ogun kẹtàlá wà nílé Bàbá, tí wọ́n jọ rà nígbà kan náà, ṣùgbọ́n tí ikú ò jẹ́ kí Fọláwùmí kùn ún. Ìhòòhò irin ló ṣì wà. Agnes ní kí wọ́n lọ gbé e wá.

Àwọn méjìlá ò ga tó o. Ìyàtọ̀ náà ò ju ìnípọn èékánná lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló kúrú. Agnes tẹjú mọ́ wọn. Wọ́n mọ́, wọ́n gún, ẹ̀wù kan náà, bẹ́líìtì funfun kan náà lára méjèèjìlá. Ó dojú ọ̀kan dé, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Èékánná wọlé. Ó ha ti ẹ̀kẹtàlá. Èékánná yọ̀.

Òjé ni àwọn méjìlá. Tánńganran, irin tó fúyẹ́ ju òjé lọ, ni ẹ̀kẹtàlá.

Ó wá yé e. Ẹnì kan ti tẹ àwọn ti Fọláwùmí mọ́nú P.O.P., irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, ó sì da òjé yíyọ́ sí ojú ihò tó kù. Òjé máa ń súnkì díẹ̀ tó bá tutù. P.O.P. sì gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó da òjé gbígbóná sí i. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ti ní àpótí náà lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Bàbá ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, òun ò láyà láti ṣí àpótí náà títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àpótí náà jáde nílé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kabir tó ń kun ọkọ̀ ní Ìkòròdú gbé e fún ọjọ́ mẹ́rin láti tún ìdérí rẹ̀ ṣe. Nathaniel gbé e fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ẹ̀pẹ́ lè rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Agnes bá Kabir ní Garage Ìkòròdú, níbi tó ti ń kọ nǹkan sára kẹ̀kẹ́ Màrúwà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún bátìrì ṣe. Òjé kún ilẹ̀ ibẹ̀. Kabir bínú.

"Mummy, ṣé torí òjé pọ̀ níbí ni mo ṣe di olè? Ẹ mú, ẹ gbé e lọ sí kóòtù."

Ó ju ègé òjé kan lé e lọ́wọ́. Agnes fi èékánná ha á. Kò wọlé. Ó rántí nígbà náà. Apẹja Ìlàjẹ ni bàbá rẹ̀, Èjìnrìn ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó wà ní kékeré, òun ló máa ń jókòó lórí iyanrìn, tí ìyàwó bàbá rẹ̀ á máa kọrin, tí òun á máa fi eyín di òjé mọ́ etí àwọ̀n, bí ó ṣe rọ̀ tó. Òjé bátìrì le. Òjé àwọ̀n ló ń gba èékánná. Etí ọ̀sà, bíi ti Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n sì ti ń ta òjé àwọ̀n.

Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kabir. Kabir kọrin òwe tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó lọ bá Ṣìmí nínú yàrá rẹ̀. Ojú ọmọ náà ti wú. Wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ tábìlì lánàá, kò tíì rí ayédèrú náà rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, oníbẹ́líìtì pupa ńkọ́?"

"Bẹ́líìtì pupa wo?"

Ṣìmí mú fóònù rẹ̀. Àwòrán tó yà nígbà tí Fọláwùmí ṣì wà láyé ni. Ọmọ ogun méjìlá. Mọ́kànlá de bẹ́líìtì funfun. Ẹ̀kẹjọ de pupa.

"Ìyàwó Bàbá ní bẹ́líìtì tiẹ̀ já lójú ogun," Ṣìmí ní. "Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló ya aṣọ ìró rẹ̀, ó rán òmíràn fún un. Alága bá wọn jà títí lórí ẹ̀."

Agnes jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ló dìde.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì jáde, òun, Bàbá àti Ṣìmí ti wà ní pálọ̀ Nathaniel ní Ẹ̀pẹ́. Agnes gbé àpótí sílẹ̀, ó to àwọn ayédèrú náà sórí tábìlì, ó gbé fóònù Ṣìmí sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Alága, ẹ bá mi ṣe ìfiwéra. Bó bá jẹ́ Ṣìmí ló ṣe èyí, pupa ni ì bá kùn ún. Ó fẹ́ràn pupa yẹn, àwòrán ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kabir náà, pupa ni ì bá kùn ún, torí ohun tó bá rí ló máa ń kùn. Ẹnì kan ló rí pupa tí ọwọ́ ẹ̀ sì kọ̀."

Nathaniel ń wo ẹ̀kẹjọ.

"Ìwé ìtàn ní funfun ni," ó ní.

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Gbogbo rẹ̀ wá tú jáde. Ó ní òun lòun kọ́ Fọláwùmí bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ọdún mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ fi gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi yin ti Fọláwùmí, obìnrin tó ń ṣe àṣìṣe tó sì ń fi rẹ́rìn-ín. Ó kú tán, wọn ò dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí Bàbá gbé iṣẹ́ òun sọ́wọ́ kó sì pè é ní ti Fọláwùmí, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Ọmọ yìí ńkọ́?" Agnes bi í. "Kí ló ṣe ọ́?"

"Wọ́n ń wò mí. Mo ní láti sọ nǹkan."

Bàbá béèrè ibi tí àwọn gan-an wà. Nathaniel fa dúrọ́ọ̀. Ọmọ ogun méjìlá ló wà níbẹ̀, ìhòòhò irin, kò sí ojú, kò sí ẹ̀wù, kò sí pupa. Ó ti fi tínà tó ń tú ọ̀dà àti abẹ bó wọn, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn.

"Mo fẹ́ mọ ohun tó ń fi sábẹ́."

"Kí lo bá níbẹ̀?" Bàbá bi í.

"Ọ̀dà."

Agnes ní kó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Mọ́ńdè ti jìnnà jù, òní ni wọ́n máa lọ sí tèṣán.

Bàbá yíjú sí ibi tó rò pé Ṣìmí wà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó na ọmọ ogun kẹtàlá sí i, ó ní kó bá òun kùn ún, kó kun gbogbo wọn.

"Ẹ ò bi mí, Bàbá," Ṣìmí ní. "Ẹ ní kí n má bá yín sọ̀rọ̀."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e lé orí àpótí, ó sì jáde lọ wọ mọ́tò Ìkòròdú.

Bàbá jókòó. Ó kó àwọn méjìlá inú dúrọ́ọ̀ mọ́ ẹ̀kẹtàlá lórí itan rẹ̀, ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n wọ́n. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè mọ èwo ni Fọláwùmí kùn rí, èwo ni kò kùn.