Ìrìn Àjò Tí Wọ́n Bá Màmá Adérera Rìn

Lọ́dún 2168, nílé ìwádìí kan nílùú Ìkirè, Màmá Adérera jí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rántí ìrìn àjò tí kò lọ rí.

Ó rántí igbó Kumano nílẹ̀ Japan: àwọn igi gíga tí kì í jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta tó ń yọ̀, ojúbọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń já bọ́ látorí àpáta. Ó gbé ẹsẹ̀ wò. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ọláṣení!"

Dókítà Ọláṣení, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ṣe ẹ̀rọ Arìnfúnni. Ẹ̀rọ ọ̀hún á fi ẹsẹ̀ irin rìn dé ibi téèyàn fẹ́ lọ, á kó òórùn, òtútù àti àárẹ̀ ibẹ̀ jọ, á sì tú u sínú ọpọlọ onítọ̀hún lójú oorun.

"Àyẹ̀wò orúnkún ni mo wá ṣe!" Màmá pariwo. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi múra. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lọ́hùn-ún. Àràárọ̀ ni mò ń gun òkè. Ta ló ní kó o fi ẹ̀rọ lọ dípò mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Orúnkún yín ò lè gbé e. Ẹ lè kú síbẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo ni ikú mi ni?"

Inú bí Ọláṣení náà. "Kí ló tún kù? Ẹ ti dé abúlé tí Ìbídùn gbé, ẹ ti rí ibi tí wọ́n sin ín sí!"

"Mo rí òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ sí, mo sì kọjá lára rẹ̀. Ìbídùn wo?"

Ọláṣení wo ojú rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì wá yé e. Kí ìrántí tuntun tó ráyè, ẹ̀rọ náà ní láti nu díẹ̀ lára ti àtijọ́ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kó nu èyí tó bá bá ìrìn àjò náà tan jù lọ, kí méjèèjì má baà ta kora.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ọmọ yín ni, Màmá. Ọmọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bí. Tíṣà ni lọ́hùn-ún. Òkè ló ya lù ú."

"Dá a padà fún mi."

"Kò ṣeé dá padà mọ́."

Màmá fọwọ́ méjèèjì lù ú lẹ́yìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó dúró de omijé, omijé ò wá. Ìbínú nìkan ló rí. Ó wọ bàtà rẹ̀.

"Wá ọkọ̀ fún mi lónìí. Màá lọ bá àwọn ará abúlé yẹn, kí wọ́n sọ irú èèyàn tí ọmọ mi jẹ́ fún mi."