Ìwúwo Àká Òfìfo

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Àbúrò mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sí Lèma, kó wá wo àká náà fúnra rẹ̀.

Èmi ni Amandine. Ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń wádìí ní yunifásítì: ohun tí àwọn baba wa gbìn lórí òkè Dassa, àti bí wọ́n ṣe ń kó o pamọ́. Landry, àbúrò mi kan ṣoṣo, ẹnjinníà ni. Ó fẹ́ mọ bí amọ̀ lásán ṣe ń gbé ẹrù fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò fi wó. Ẹnìkẹta wa ni Ọ̀gá Eustache, olùkọ́ tó ń ṣèwádìí ohun tí ojú ń rí, àti ohun tí ọkàn kàn ń gbà pé ojú rí.

Àká Màmá Dorothée, ìyá àgbà kan ní abúlé Lèma, la yàn láti wọ̀n. Orí òkúta mẹ́rin ló wà, lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí wọn ò ti kó àgbàdo sí i mọ́. Landry fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀, ó ki òṣùwọ̀n sábẹ́ rẹ̀ lórí òkúta kọ̀ọ̀kan, ó kọ iye tó wọ̀n sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti fi ogójì kílò wúwo sí i.

"Àbí òjò rọ̀?" Ọ̀gá Eustache bi í.

"Nínú ọyẹ́ yìí, ọ̀gá? Òṣùwọ̀n ò sì bàjẹ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta."

A gbé àkàbà tì í, a ṣí ìdérí koríko orí rẹ̀. Mo wo inú rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ. Eruku. Ọ̀gá Eustache na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó sì yára fà á jáde.

"Àgbàdo ni mo fọwọ́ kàn," ó ní. "Ojú mi ò rí i."

Màmá Dorothée jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Ẹ dé e padà. Ẹ má wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan."

"Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?"

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n gbọ́ tirẹ̀. Èmi ni mo ní kí Landry wọlé, torí mo fẹ́ mọ irú àgbàdo tó jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà. Ó gun àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lórí ọkà. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Landry?"

Mo sáré gòkè. Ilẹ̀ gbígbẹ. Eruku. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú eruku náà.

"Amandine." Ọ̀gá Eustache ló pè mí nísàlẹ̀, níbi òṣùwọ̀n. "Ó tún ti fi àádọ́rin kílò lé."

Iye tí àbúrò mi wọ̀n nìyẹn.

Èmi náà wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni mo dúró lé. Ọlọ́pàá wá, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, wọ́n ní ó ti bá tirẹ̀ lọ. Láìwọ bàtà? Mo lọ kúnlẹ̀ gbàdúrà ní Arigbo, níbi ihò àpáta Màríà Mímọ́, títí orúnkún mi fi bó. Mò ń gbé iṣu sísè àti omi sínú àká náà lójoojúmọ́. Bí mo ṣe kó wọn sí i ni mo ṣe ń kó wọn jáde.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nínú àádọ́rin yẹn, ó ku mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ku ọgọ́ta.

"Ebi ló ń pa á," Ọ̀gá Eustache ní. "Jẹ́ ká fọ́ ògiri."

"Ọmọ mi, má wó o," Màmá Dorothée ní. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. "Má wó o."

Landry fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: tí a bá lu irú ògiri yìí níbì kan, gbogbo rẹ̀ ló máa ya lulẹ̀ lórí ohun tó bá wà nínú rẹ̀.

"Ẹ fún mi di ọ̀la, ọ̀gá."

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Lówùúrọ̀ yìí, mo fi etí lé amọ̀ náà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo òṣùwọ̀n. Ó ku mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọ̀gá Eustache ti gbé ọkọ́ lé èjìká. Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi.