Omi Ẹsẹ̀ Tìrìmísíyù

Ẹsẹ̀ ni Rọ̀kíbátù kọ́kọ́ rí lára Tìrìmísíyù. Ó wú, ó sì ku díẹ̀ kó wọ inú ìsun omi tí gbogbo abúlé wọn, lẹ́yìn Agbówà, ń mu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn."

Ọkùnrin náà ní òun ń fi ọkọ̀ kó igi ìdáná lọ sí Èbúté Ìkòròdú ni sòbìà mú òun. Láti àná ni ẹsẹ̀ òun ti ń jó bí iná, omi nìkan ni ọkàn òun ń fà sí.

"Kì í ṣe ọkàn yín," ni Rọ̀kíbátù wí. "Aràn inú ẹsẹ̀ yín ló ń wá omi."

Ó sọ ohun tí wolé-wolé tó wá láti Ẹ̀pẹ́ ṣàlàyé fún wọn: aràn náà ni í mú ẹsẹ̀ gbóná, kí ẹni tí aràn wà lára rẹ̀ lè gbé e dé odò. Ibẹ̀ ni yóò bímọ sí, àwọn tó bá sì mu omi náà á gbé ọmọ rẹ̀ mì.

Tìrìmísíyù rẹ́rìn-ín kíkorò. "Èmi tí mò ń tukọ̀, aràn wá ń tu èmi náà."

Ẹ̀rín yẹn wọ Rọ̀kíbátù lọ́kàn. Ẹ̀rù sì bà á, torí Láwàl, bàbá rẹ̀, ló ń ṣọ́ ìsun náà, ó sì ti búra pé ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ yóò fi abúlé sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, ó ń ru omi lọ sílé tí Tìrìmísíyù wọ̀ sí. Ìyẹn á ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ ńlá, Rọ̀kíbátù á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká aràn náà díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà já, á sì da omi ẹsẹ̀ náà sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sí ìsun.

Ṣùgbọ́n lábúlé wọn, ọkọ nìkan ni obìnrin ń pọnmi lọ bá nílé. Ní ọjọ́ kẹjọ, Láwàl dúró sẹ́nu ọ̀nà Tìrìmísíyù.

"Ọjọ́ wo ni mo fi ọ́ fọ́kọ?"

Rọ̀kíbátù di ìkòkò omi orí rẹ̀ mú. Bó bá sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, bàbá rẹ̀ á rò pé ẹsẹ̀ náà ti wọ ìsun, á sì lé olólùfẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Tìrìmísíyù ló tiro jáde, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo dé etí omi yín. Ọmọ yín ló dá mi dúró."

"Ẹsẹ̀ rẹ wọ omi?"

"Kò wọ̀ ọ́, sà."

Láwàl wo igi tí aràn ká mọ́, ó wo ìkòkò tó wà lórí ọmọ rẹ̀.

"Bó o bá ti lè rìn, lọ kó àwọn èèyàn rẹ wá." Ó yíjú sí Rọ̀kíbátù. "Sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ olọ́mọ ń jó."

Nígbà tó lọ tán, Rọ̀kíbátù bu omi sínú abọ́.

"Rọ̀kí mi, ọkàn mi tún ń fà."

"Sí omi?"

"Rárá o. Èyí kì í ṣe ti aràn."