Orúkọ Bàbá Ọkọ Mi

Àwọn ajá wa kì í ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára olè. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá gun ẹṣin bọ̀ ní àgọ́ wa fi máa ń ké láti òkèèrè pé, "Ẹ mú ajá yín mọ́lẹ̀ o!" Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ké bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde, àwọn ajá ti sá sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n ki ìrù bọ itan. 

Ọkọ mi ti da àgùntàn lọ. Bàbá rẹ̀ nìkan ló wà nílé, ó ń ṣàìsàn láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní rí koríko tútù ọdún yẹn. Mo fẹ́ràn bàbá náà ju ọmọ rẹ̀ lọ, kí ọkọ mi má gbọ́ o.

Àlejò wọlé, ó jókòó, mo bu tíì oníyọ̀ fún un. Kò sí eruku kankan lára bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣálẹ̀ Gobi ló ní òun gbà wá.

"Ìyàwó, ṣé ọ̀nà Khüree ṣì gba ẹ̀yìn òkè yìí?"

Khüree ni wọ́n ń pe olú-ìlú wa nígbà tí ràkúnmí ṣì ń ru tíì láti Ṣáínà gba ibí kọjá lọ sí Rọ́ṣíà. Wọn kò tíì bí bàbá ọkọ mi nígbà náà.

"Ẹ mà ti pẹ́ lọ́nà o," ni mo wí.

"Mo pẹ́. Ilẹ̀ yín ti fẹ̀ jù, ẹ ò sì ní òkun tí èèyàn ì bá fi mọ ibi tó parí sí." Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí bẹ́ẹ̀dì tí bàbá sùn sí. "Bàbá yìí, ta ni?"

"Bàbá ọkọ mi ni."

"Orúkọ ni mò ń bi ọ́." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "N ò gbọdọ̀ ṣi èèyàn gbé. Àmọ́ bó o bá dákẹ́, á jẹ́ pé òun náà ni."

Mo wo tíì ọwọ́ rẹ̀. Ó ti dì gbagidi, nítòsí iná.

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Èèwọ̀ ni, n kò sì pè é rí. Mo dijú, mo lanu.

"Enebish."

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú tán kí wọ́n tó bí i, ni ìyá rẹ̀ bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Kì í ṣe eléyìí."

"Kì í ṣe eléyìí?" Àlejò dìde. "Ó ga o! Mo tún ti ṣìnà." Ó dúpẹ́ tíì, ó jáde. N kò gbọ́ pátákò ẹṣin.

Bàbá lajú. "Ta ló pè mí lórúkọ nínú ilé yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni."

"Ìyàwó aláìlẹ́kọ̀ọ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ohun tí ìyá mi náà sọ fún un nìyẹn. Ṣé fìlà onírun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn ṣì wà lórí ẹ̀?"

"Ó ṣì wà lórí ẹ̀, Bàbá."

Bàbá tún lo ọdún púpọ̀ láyé. Ó gun ẹṣin, ó mu wàrà kíkan, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ẹbí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí koríko ti yọ dáadáa, mo ń fún wàrà ewúrẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó dá dúró níbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ọ̀rẹ́, sọ̀ kalẹ̀, wá mu tíì. Má wulẹ̀ yọ ìyàwó wa lẹ́nu mọ́. Eléyìí ni."